Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé, Ọkọ̀ Àti Iṣẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́ bá ìpàdé ẹgbẹ́ sọ, tí a tẹ̀ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. N kò wá kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Iṣẹ́ tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ rán mi ni mo wá jẹ́.

Tí ẹ bá ń ka ohun tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, ẹ ó rí i pé lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìkéde ìsìnkú, ohùn mẹ́ta ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èkíní: "Ilé tún ti ń jò." Èkejì: "Ọkọ̀ tún ti kọṣẹ́." Ẹ̀kẹta: "Ọ̀gá mi ò tíì sanwó, iṣẹ́ yìí ti sú mi." Ojoojúmọ́ ni. Ẹnìkan á kọ ọ́, ẹni mẹ́wàá á ní "ẹ pẹ̀lẹ́ o", ọ̀rọ̀ á kọjá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún dé.

Àwa ọ̀dọ́ jókòó, a gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò, a rí i pé gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní. Ohun tí kò ní ọjọ́ ìtọ́jú, tí kò sì ní ẹni tí a ń sanwó fún láti tọ́jú rẹ̀, bíbàjẹ́ ló máa bàjẹ́. Ìbáà jẹ́ paanù, ìbáà jẹ́ táyà, ìbáà jẹ́ àdéhùn láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ilé

Ẹ jẹ́ ká ti orí òrùlé bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ òjò ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi, àfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ilé amọ̀ ni wọ́n ń kọ́, imọ̀ ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń bò ó. Wọ́n mọ̀ pé imọ̀ kì í pẹ́. Fún ìdí èyí, wọ́n ti mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un bò. Onílé á bẹ ọ̀wẹ̀, á se oúnjẹ, ará àdúgbò á péjọ, òrùlé tuntun á wà lórí ilé kí òjò tó dé. Ìgbà tí paanù dé, a rò pé ìtọ́jú ti parí. Kò parí o. Paanù náà ń gbó, kò kàn pariwo ni.

Bí paanù ṣe ń jò nìyí. Ìṣó tí káfíńtà fi kàn án ní rọ́bà kékeré lábẹ́ fìlà rẹ̀. Oòrùn á pa rọ́bà yẹn títí tó fi máa gbẹ, tó máa fọ́. Omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò ní tíì dé orí bẹ́ẹ̀dì yín. Igi òrùlé ló ń mu ún. Igi tó bá ti tutù, ikán fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́dún kejì, lọ́dún kẹta, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ìgbà yẹn ni onílé tó wà ní Èkó tàbí Àbújá máa tó gbọ́ pé ilé òun ń jò. Ohun tí ìṣó mélòó kan ì bá tún ṣe ti di ọ̀rọ̀ pákó tuntun, paanù tuntun àti owó iṣẹ́ káfíńtà.

Ẹ tún wo ẹsẹ̀ ilé. Òkìtìpupa kò ṣàdédé jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa káàkiri. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó bá ń dà sójú kan náà lọ́dọọdún, á gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta. Gọ́tà kékeré tí a fi kọnkéré ṣe yí ilé ká, tàbí òkúta tí a kó sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ti tó láti dá a dúró. Kò ná wa tó owó tí a máa ná nígbà tí ògiri bá la.

Àmọ́ ilé tó wà ní títì ló burú jù. Ẹni tó ń gbé inú ilé máa ń rí ojú ibi tí omi ń gbà, ó máa ń gbá ewé kúrò nínú gọ́tà, ó máa ń rí ọ̀nà tí ikán là sára ògiri. Ilé tí a tì pa láti Kérésì dé Kérésì, ta ló máa rí i? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ kọ́ ilé tó rẹwà sí Ìjù-Odò, a ń yangàn pẹ̀lú yín. Ṣùgbọ́n a ń kọjá níwájú àwọn ilé yẹn lójoojúmọ́, a sì ń rí ohun tí ẹ kì í rí nínú fọ́tò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìyí. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2024, tí àpò símẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, tí mínísítà tó ń rí sí iṣẹ́ òde fi pe àwọn ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Ohun tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi ṣòfò. Ẹ wo ara àpò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ó rí 32.5 tàbí 42.5. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pa á láṣẹ ní 2014 pé 32.5, iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ni kí a máa fi ṣe, 42.5 ni kí a máa fi ṣe búlọ́ọ̀kù, òpó àti dẹ́kìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀, bíríkìlà míì náà ò sì ní sọ, torí pé ẹnìkankan ò bi í.

Iyanrìn náà ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá kó láti etí òkun lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin inú kọnkéré. Èyí tó bá ní ẹrẹ̀ náà ò dáa. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ da omi sí i, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á wà lókè rẹ̀. Tí ẹrẹ̀ yẹn bá nípọn, ẹ dá ọkọ̀ iyanrìn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ rí i pé wọ́n ń bu omi sí búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Omi ló ń jẹ́ kí símẹ́ńtì le, oòrùn kọ́. Búlọ́ọ̀kù tí oòrùn gbẹ lọ́jọ́ kejì, tí ẹ bá fi ọwọ́ ha igun rẹ̀, eruku lẹ máa rí.

Ọ̀rọ̀ iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa wa yìí ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ́ wà, tí wọ́n ṣí ní 2007, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹkùn gúúsù Ondo ló wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Ìjà yẹn, àwọn àgbà wa ń jà á, a wà lẹ́yìn wọn. Àmọ́ jẹnẹrétọ̀ àti sólà tí a fi ń rọ́jú, àwa la ni wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ kì í gbé inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ o, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ òjò. Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, ẹni tó bá ń sùn kò ní mọ̀ títí á fi pa á. Ẹ̀yin tí ẹ ní sólà, ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu ojú rẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Bátìrì tó ń mu omi, omi bátìrì gan-an ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga.

Ọkọ̀

Ní May 29, 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, jálá epo kan kò tó ₦200 nílé epo ìjọba. Nígbà tó di July ọdún yẹn, ó ti di ₦617. Nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Gbogbo wa la mọ ohun tí èyí ṣe fún owó ọkọ̀. Ohun tí a kì í sọ ni pé ọkọ̀ tí a kò tọ́jú ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Fílítà afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò tó: gbogbo wọn ló ń mu epo tí ẹ fi owó gọbọi rà. Owó fílítà kan ò tó owó táńkì epo kan.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ṣì kéré. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀. Ní March 6, 2016, James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà, kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sọ pé táyà ló bẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré àsápajúdé. Ọkọ̀ mínísítà nìyẹn o. Kí la wá fẹ́ sọ nípa ọkọ̀ tiwa, tí táyà rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, tí a fi ń gba títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní wá sílé ní ìparí ọdún?

Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí táyà nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lára táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà yẹn. Ohun tí FRSC máa ń sọ ni pé táyà tó bá ti kọjá ọdún mẹ́rin ti di ewu, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ ń dán. Àwọn tó ń ta táyà mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan dúdú kun ún kó lè dà bíi tuntun. Ọ̀dà ń bo ara, kò lè bo nọ́ńbà yẹn. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti há nọ́ńbà yẹn kúrò, ẹ má rà á.

Afẹ́fẹ́ táyà náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, torí pé táyà tó ti gbóná máa ń tan ìwọ̀n jẹ. Iye tó yẹ wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn, ẹ má fi ṣe òdiwọ̀n.

Ẹ̀yin ará mi ọlọ́kadà, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ìyá wa lọ sọ́jà, tí ẹ ń gbé ọmọ wa lọ síléèwé. Ẹ wo ọ́ìlì ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gbéra. Ọ́ìlì tó ti dúdú, tó sì ti lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ. Ẹ wo ṣéènì, ẹ wo búrẹ́ẹ̀kì. Búrẹ́ẹ̀kì tó ń dún gìrìgìrì ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Tí ẹ kò bá dá a lóhùn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, á dá yín lóhùn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná o. Mélòó la ti rí tí omi gbígbóná bó lójú?

Iṣẹ́

Ó wá kan ìráhùn ibi iṣẹ́. Èyí pọ̀ jù lọ láàárín àwa ọ̀dọ́. Ẹni tó ń ta ọjà fún ọlọ́jà ń ráhùn, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ń ráhùn, ẹni tó ń kọ́ ọmọ níléèwé aládàáni ń ráhùn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lóko ọ̀pẹ ń ráhùn. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìyà wà. Àmọ́ ìráhùn náà nílò ìtọ́jú bíi ti paanù. Ìráhùn tí kò ní déètì, tí kò ní iye, tí kò sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe, ariwo lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí òfin sọ. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé: orúkọ, irú iṣẹ́, iye owó, ọjọ́ ìsanwó. Ó ní owó iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù kan kí wọ́n tó san án. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tó tó wákàtí kan lápapọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ọdún kan gbáko, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ dá a dúró, tàbí tí òun fẹ́ lọ, ìkìlọ̀ wà: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti owó oṣù tó kéré jù, July 29, 2024 ni Ààrẹ buwọ́ lu ₦70,000 láti ₦30,000 tó wà láti 2019. Àmọ́ ẹ má lọ fi èyí bá oníṣọ́ọ̀bù kékeré jà: òfin náà yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó márùndínlọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ó dáa kéèyàn mọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé kó tó là ẹnu.

Tí ọ̀rọ̀ bá wà, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì kéré. Owó oṣù kan tí kò wọlé, ẹ sọ ọ́ lóṣù yẹn. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó di oṣù márùn-ún, inú á ti bí yín kọjá ààlà, ọ̀gá náà á ti mọ̀ pé ẹ̀ ń gbà á mọ́ra. Ẹ kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ sà, owó oṣù báyìí, iye báyìí, kò tíì wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kí n máa retí rẹ̀?" Kò sí èébú níbẹ̀, ó sì ti di àkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tí kò bá yọ obì, àkọsílẹ̀ yẹn lẹ máa mú lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́.

Àwa náà, ọ̀gá ni wá

Ibi tí mò ń lọ gan-an ni mo dé yìí, ẹ fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹni tó ń ráhùn ní Èkó pé ọ̀gá òun ò san owó oṣù méjì, ẹ bá mi bi í: bíríkìlà tó rẹ́ ògiri rẹ̀ ní Ìjù-Odò, ṣé ó ti san owó rẹ̀ tán? Káfíńtà tó kan òrùlé, ṣé kì í ṣe "tí mo bá délé ní Kérésì" ni a sọ fún un? Mẹkáníìkì tó tún ọkọ̀ ṣe, ṣé kì í ṣe "máa bọ̀, màá fi ránṣẹ́" ló ṣì wà nínú fóònù rẹ̀? Ọmọ àdúgbò tó ń bá wa gbálẹ̀ yí ilé ká, tó ń ṣọ́ ilé wa lóru, kí la ń san fún un? A máa ń ní, "Ọmọ wa ni ẹ́, Ọlọ́run á san án fún ẹ." Ọlọ́run á san án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń jẹun, ọmọ yẹn ń ra dátà, ọmọ yẹn fẹ́ fẹ́yàwó lọ́la.

Ohun tí a ń bínú sí lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, òun gan-an la ń ṣe fún ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé. Ìdí tí ilé fi ń jò nìyẹn. Ẹni tí a kò sanwó ìtọ́jú fún, kò ní gun orí òrùlé lọ wo ìṣó. Ìgbà tó bá bàjẹ́ pátápátá ni wọ́n máa pè é, torí ìgbà yẹn ni owó máa jáde.

N kò gbè sẹ́yìn oníṣẹ́ ọwọ́ o. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ tiyín náà. Ẹ má gba owó iṣẹ́ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá máa sá kiri. Ẹ má bù lé owó páàtì mọ́tò torí pé oníbàárà wà lókè òkun. Ẹ má sọ pé "ọ̀la ni mò ń bọ̀" nígbà tí ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ rẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, kò ní fi owó ránṣẹ́ mọ́. Ará Ìlútítun tàbí Igbótakọ́ ló máa pè, iṣẹ́ á sì fò wá dá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ń dín kù. Ọmọ á kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ọdún méjì, kò ní dúró ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, á gba Èkó lọ gun ọ̀kadà torí pé owó ọ̀kadà ń wọlé lójoojúmọ́. Láti June 1, 2022, Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà pátápátá. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ yẹn fi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi òfin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá ń sanwó fún oníṣẹ́ ọwọ́ nígbà tó yẹ, àwọn ọmọ wa á rí i pé iṣẹ́ náà ń bọ́ni, wọ́n á dúró. Tí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́dún mẹ́wàá sí i, ta ló máa gun òrùlé wa?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ohun mẹ́rin ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ní kí n gbé síwájú yín.

Èkíní, kí gbogbo iṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò di dandan kó jẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà. Lórí fóònù náà ni: irú iṣẹ́, owó ohun èlò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, ọjọ́ tó máa parí, bí owó ṣe máa jáde ní ìpele ìpele. Kí oníṣẹ́ ya fọ́tò kó tó bẹ̀rẹ̀, kó yà á tó bá parí. Lọ́jọ́ tí fọ́tò ìparí bá dé, kí owó tó kù jáde.

Èkejì, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní kàlẹ́ńdà ìtọ́jú. Oṣù kejì sí ìkẹta, kí òjò tó dé, ẹ wo òrùlé àti ìṣó. Oṣù kẹfà, ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, ẹ wo ẹsẹ̀ ilé. Ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, ẹ rẹ́ ibi tó là. Oṣù kọkànlá, ẹ ro àyíká, ẹ nu sólà, kí ẹni tó ń bọ̀ wálé sì ka nọ́ńbà ara táyà rẹ̀ kó tó gbéra.

Ẹ̀kẹta, kí ilé tó wà ní títì ní olùtọ́jú tó ń gba owó lóṣooṣù, bó ti wù kó kéré mọ. Kí ó jẹ́ iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Ẹ̀yin tí kò bá ṣòro fún, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan máa gbé bọ́ìsì kọ́tà yẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sílẹ̀, àwọn tó bá fọwọ́ sí i pé kí a kọ àwọn: bíríkìlà, káfíńtà, púlọ́ńbà, mẹkáníìkì, rẹwáyà, fọkanáísà. Kí àgbà kan, oníṣẹ́ ọwọ́ kan àti ọ̀dọ́ kan sì wà tó máa gbọ́ ẹjọ́ tí oníbàárà àti oníṣẹ́ bá ní aáwọ̀, kó má bàa di ohun tí a ń bú ara wa lé lórí níwájú gbogbo ayé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Owó dà?" Ìbéèrè gidi ni. Nǹkan le fún gbogbo wa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó: aṣọ ẹbí mélòó la ń rà lọ́dún? N kò ní ká má rà á o, ayẹyẹ ni adùn ìlú. Àmọ́ owó aṣọ ẹbí kan péré, tí a bá yà á sọ́tọ̀ fún ìṣó, fílítà àti owó olùtọ́jú, á gba ilé là fún ọdún kan. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọ̀hún gan-an, ṣebí inú ilé yẹn náà la máa gba àlejò sí?

Ilé là bọ̀ sinmi oko. Ẹni tó bá ti rí i pé òun jẹ oníṣẹ́ kan nílé lówó, kó san díẹ̀ níbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Ẹ má dúró de Kérésì. Ẹ fi orúkọ ilé tó nílò olùtọ́jú ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà fi tiwọn ránṣẹ́. Tí orúkọ bá ti wà nílẹ̀ nígbà ìpàdé tó ń bọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilé àti oníṣẹ́ mọ ara wọn, kí òjò ọdún tó ń bọ̀ má bá òrùlé kankan lójijì.

Ìjù-Odò á máa gbèrú, ilé wa ò ní wó lé wa, ọ̀nà ò ní pa wá, iṣẹ́ ọwọ́ wa ò ní sọnù. Àṣẹ.